Inú Moṣọpẹ́ Kì í Ṣe Ìfun Àgbò

Bí ẹ bá gba ojúlé Ìyá Mùjídàt kọjá ní Okokomaiko lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ẹ ó bá òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú fóònù. Wọ́n á ti gbé fóònù náà ti agolo mílíìkì kan lórí tábìlì kó má baà ṣubú. Ọmọ náà, Moṣọpẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, á ti wẹ̀, á ti wọ aṣọ tó dáa. Ife mílíìkì á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú fóònù yẹn, ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Mùjídàt á máa wò ó láti Muscat, ní orílẹ̀-èdè Oman, níbi tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé.

"Mu ún, ọmọ mi. Mu ún kí n rí ẹ."

Moṣọpẹ́ á gbé ife sẹ́nu.

"Ó ku díẹ̀. Má gbé e sílẹ̀ o. Màámi, ẹ wo ọ̀fun ẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ dà bíi tèmi, àbí?"

"Ó jọ ẹ́ bí ìmumu," Ìyá Mùjídàt á dáhùn.

Bí ife bá ti ṣófo, Mùjídàt á pàtẹ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á wá yíjú kúrò nínú fóònù díẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé omijé ló ń nù. Òun náà á ṣe bí ẹni pé nǹkan bọ́ sí òun lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ife yẹn jẹ́ fún Mùjídàt kò kéré. Bàbá Moṣọpẹ́ ti bá tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́, kí ọ̀nà Oman tó là fún Mùjídàt. Àwọn tó fẹ́ mú un lọ sì sọ pé àwọn ò gba obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe já ọmọ náà lẹ́nu ọmú lójijì. Ó fi ewúro pa orí ọmú, ọmọ ń ké, òun náà ń ké. Nígbà tó fi máa dé Muscat, ọmú rẹ̀ ṣì ń sun, ó ń rin aṣọ rẹ̀ gbingbin níwájú mádàámù tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti dá a lójú pé ohun tí òun gbà lẹ́nu ọmọ òun ni òun gbọ́dọ̀ dá padà fún un. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ló ń bẹ̀ kó bá òun gbé agolo mílíìkì kan.

"Èyí tí mo fi ń ránṣẹ́ yẹn, Màámi, òun ni ọmú mi," ó máa ń wí. "Mi ò lè gbé e mọ́ra. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa rí i tó bá ń mu ún."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní po mílíìkì?

Ohun tí Mùjídàt kò rí ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti pa fóònù. Kì í pẹ́ tí ikùn Moṣọpẹ́ fi ń wú, tí á máa kùn rùrù. Ọmọ náà á ká jọ sórí ẹní, á ní inú ń run òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbẹ́ gbuuru á ti bẹ̀rẹ̀, omi lásán, tó ń ta á nídìí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà òjò, tí àgbàrá ya wọ kànga àgbàlá wọn, ni ìgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ mú ọmọ náà. Ó dá a wó, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mílíìkì kò ti bá a lára mu mọ́, tí aṣọ tó bá a mu nígbà Iléyá sì ti ń tóbi jù fún un.

Ìyá Mùjídàt wò ó títí, ó sì fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tú u. Ìfun àgbò àti ṣàkì ló ń fọ̀ tà ní Alaba Rago. Ẹni tó mọ ìfun fọ̀ tó o lọ́jà yẹn ṣọ̀wọ́n. Á yí inú rẹ̀ síta, á da iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá gbogbo nǹkan yíyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, títí ìfun náà á fi funfun. Àwọn oníbàárà ń ti Ìbà Estate wá rà á. Kó tó bí Mùjídàt ló ti ń ṣe é.

"Ìfun ọmọ yìí ni kò mọ́," ó wí fún ara rẹ̀. "Ìdọ̀tí omi kànga yẹn ló lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Àfi ká fọ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo ìyàgbẹ́. Ó ń já kánún sí i, ó ń fún Moṣọpẹ́ mu ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí inú rẹ̀ lè mọ́ de mílíìkì ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ náà bá ṣe ń ṣu sí i ni ọkàn ìyá àgbà ń balẹ̀ sí i. Lójú tirẹ̀, ìdọ̀tí ló ń jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú wa ni kò tíì ro nǹkan sí ọmọ lẹ́nu rí nítorí kí inú rẹ̀ lè mọ́?

Bí Mùjídàt bá sì béèrè pé, "Ara ẹ̀ le, Màámi?" èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Ó le koko, a dúpẹ́." Kí ni kí ìyá arúgbó náà sọ? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló wà lókè òkun yẹn. Bó bá sọ pé mílíìkì ń da inú ọmọ rú, kí ló kù tí Mùjídàt á máa fi ṣe ìyá? Àárò ọmọ ń sọ òun náà. Ó mọ bó ṣe ń dun èèyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọlábísí wá ra ìfun. Ìbà Estate ni obìnrin yìí ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀jọ́ bí wọ́n ṣe ń fi máíkírósíkóòpù wo inú ara ẹranko. Tíṣà ni Ìyá Mùjídàt ń pè é.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ìfun tèmi dà?"

"Tíṣà mi! Ẹ wá jókòó, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tiyín ni mo kọ́kọ́ mú."

Ọlábísí fẹ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó bá rí Moṣọpẹ́ tó sùn síbẹ̀ lábẹ́ ìborùn.

"Moṣọpẹ́, ṣé o ò kí mi ni?"

Ọmọ náà la ojú díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ọlábísí gbé e, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tí ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ jáde tán.

"Ìyá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

"Inú ẹ̀ ni ò mọ́. Ó ń jáde, ó máa tó tán."

"Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

Ìyá Mùjídàt dá ọ̀bẹ dúró. Kò rántí.

"Ó ń sunkún, ẹ wo ojú ẹ̀, omi kankan ò jáde. Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà."

"Ẹ jẹ́ n fọ èyí tán, Tíṣà, ó ku..."

"Ẹ fi ìfun yẹn sílẹ̀!"

Ọlábísí kì í pariwo. Gbogbo ìsọ̀ ló yíjú wò wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, àárọ̀ ni ọmọ yẹn sì ti wà lórí bẹ́ńṣì. Àlíù tó ń ta orí àgbò ní ìsọ̀ kejì ló wá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Ìyá Mùjídàt.

"Ẹ máa lọ, Màmá. Èmi á bá yín wo ọjà."

Kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n wọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó po ORS, oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, ó sì ń fún Moṣọpẹ́ ní ṣíbí kan, á dúró díẹ̀, á tún fún un ní ṣíbí kan. Bó ṣe ń fún un ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló jẹ lánàá, Ìyá?"

"Ẹ̀kọ ni."

"Kò mu nǹkan míì?"

"Rárá o." Ìyá Mùjídàt wo ilẹ̀. "Àgbo nìkan, lọ́jọ́bọ̀. Èyí tó ń fọ inú."

Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyá, omi ara ọmọ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán yìí. Kì í ṣe ìdọ̀tí lẹ ń fọ̀ jáde. Ẹ̀mí rẹ̀ lẹ ń fọ̀ dànù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá àgbà lára. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń pe Ọlọ́run lábẹ́ èémí. Ó pẹ́ kí Moṣọpẹ́ tó tọ̀. Nígbà tó tọ̀, tó tún béèrè oúnjẹ, ṣe ni Ìyá Mùjídàt bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Wọ́n bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn, òun àti Ọlábísí.

"Tíṣà, mo purọ́ fún nọ́ọ̀sì."

"Lórí kí ni?"

Ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ti ewúro, ti ọmú tó ń sun, ti agolo mílíìkì, ti fóònù ọjọ́ Jímọ̀ àti ikùn tó ń wú.

"Ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ fún un," ni Ọlábísí wí. Wọ́n padà. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n dá mílíìkì dúró ná, kí wọ́n máa fún ọmọ náà lóúnjẹ gidi, kó máa lo oògùn síńkì tí òun fún un títí yóò fi tán, kí wọ́n sì gbé e padà wá kí òun lè wò ó.

"Mílíìkì òkè òkun?" Ìyá Mùjídàt kò gbà á gbọ́. "Èyí tí àwọn ọmọ olówó ń mu? Báwo ni mílíìkì á ṣe pa ọmọ lára? Kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá ẹ̀?"

Ọlábísí wò ó, ó rí i pé ẹnu lásán kò ní tó o.

"Ìyá, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ bá mi gbé ìfun wá sí ibi iṣẹ́ mi. Ẹ mú èyí tí ẹ kò tíì fọ̀ díẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ẹ ti fọ̀ díẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Mùjídàt gbé ìfun dé Ọ̀jọ́ nínú ike méjì. Ọlábísí gé díẹ̀ tó tó èékánná lára èyí tí wọn kò tíì fọ̀, ó yí inú rẹ̀ sókè, ó fi sínú abọ́ funfun tí omi wà nínú rẹ̀, ó gbé abọ́ náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

"Ẹ fi ojú méjèèjì wo ihò méjì yìí, Ìyá. Ẹ má mikàn."

Ìyá Mùjídàt tẹ̀ síwájú.

"Háà! Ó ń mì."

"Kí ló jọ lójú yín?"

"Ó jọ ṣàkì, èyí tí àwọn Ígbò ń pè ní táwẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n tibí yìí kéré, ó kúnná. Inú ìfun lásán-làsàn yìí?"

"Inú rẹ̀ ni. Ẹran ara ni, ó kàn rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Gbogbo inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún fún un, tèmi, tiyín, ti Moṣọpẹ́. Ara àwọn irun yìí ni oúnjẹ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀."

Ó pààrọ̀ abọ́, ó gbé èyí tí Ìyá Mùjídàt ti fọ̀ síbẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ìyá Mùjídàt gbé orí sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ti pá!"

"Nǹkan yíyọ̀ tí ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá kúrò nìyẹn. Lọ́jà, ìdọ̀tí ni. Nínú ẹni tó wà láàyè, òun ni òṣìṣẹ́."

Ọlábísí tún mú dígí pẹlẹbẹ kan wá. Wọ́n ti gé ìfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n sì ti re é láró kí ojú lè rí i. Ìyá Mùjídàt rí nǹkan gígùn-gígùn tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìka ọwọ́, gbogbo ara wọn jẹ́ yàrá kéékèèké. Sẹ́ẹ̀lì ni Ọlábísí pe àwọn yàrá náà. Àwọn kan funfun, wọ́n rí bí ife. Àwọn ló ń ṣe omi yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, tó ń bo inú kó má baà bó. Nísàlẹ̀, láàárín ìka kan àti èkejì, kòtò wà.

"Inú kòtò yìí ni wọ́n ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun," Ọlábísí ṣàlàyé. "Wọ́n á máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti máa dàgbà, tí wọ́n á sì ṣiṣẹ́. Bó bá yá, wọ́n á já bọ́, àwọn míì á rọ́pò wọn."

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bí wọn, wọ́n á wá lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọn kì í padà wálé?"

"Àwọn wọ̀nyẹn kì í padà."

Ìyá Mùjídàt tún tẹjú mọ́ inú máíkírósíkóòpù náà. Ọlábísí mọ ẹni tó ń rò, kò sì dí i lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe lókè yẹn?" ìyá àgbà béèrè nígbà tó yá.

"Ní Alaba Rago, ẹni tó ń fi iná jó irun orí àgbò, ṣé òun náà ló ń gé egungun?"

"Rárá o. Kálukú ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bí ajórí bá fọwọ́ kan àáké, ìjà dé."

"Bó ṣe rí nínú wa náà nìyẹn. Oúnjẹ tí a gbé mì tóbi ju ohun tó lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan kan tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù ló ń gé e sí wẹ́wẹ́, oríṣiríṣi ni, olúkúlùkù ló sì ní ohun tó ń gé. Ọ̀kan wà nínú itọ́ tó ń gé ẹ̀kọ. Ẹ jẹ ẹ̀kọ lẹ́nu kó pẹ́, ẹ ó rí i pé á máa dùn. Òmíràn wà nínú ikùn tó ń gé ẹran. Ṣúgà kan sì wà nínú mílíìkì, ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n gé. Ṣóńṣó àwọn irun tí ẹ rí yìí ló ń gbé."

"Ní ṣóńṣó?"

"Ní ṣóńṣó pátápátá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ṣóńṣó yẹn ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ẹ́ńsáìmù mílíìkì ló máa kọ́kọ́ lọ, òun náà ló máa kẹ́yìn dé. Bí ọmọ bá wá mu mílíìkì, kò sẹ́ni tó máa gé e. Á lọ ní odidi dé ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, á kan. Ṣúgà yẹn á tún máa fa omi mọ́ra. Ikùn á wú, omi á tú jáde."

"Bí ògì ṣe ń kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ inú ọmọ ló ti ń kan. Ẹ tún gbọ́ o: bó bá tiẹ̀ sàn tán, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá, tí a bá ti kúrò lẹ́nu ọmú, ẹ́ńsáìmù yẹn á máa dín kù lára wa. Ara á ní, ta ló tún ń mu ọmú? Kì í ṣe àìsàn. Bí a ṣe rí ni."

Ìyá Mùjídàt ti jókòó sórí àga. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Tíṣà, mo ti ń fá inú ọmọ-ọmọ mi."

"Rárá, Ìyá. Àìsàn ló fá a, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n àgbo yẹn kò jẹ́ kó rójú hù padà, ó sì ń fa omi ara ẹ̀ gbẹ. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, tí ẹ sì fún un lóúnjẹ, á hù. Ọlọ́run ti dá a bẹ́ẹ̀."

"Ṣé gbogbo nǹkan tó ń wọnú èèyàn ló ní ẹ́ńsáìmù tiẹ̀?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ti àárò ńkọ́?"

Ọlábísí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyẹn, a ò tíì rí i, Ìyá. Ẹ sọ òótọ́ fún Mùjídàt."

"Ọkàn ẹ̀ á bàjẹ́."

"Á bàjẹ́ lóòótọ́. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà lọ́hùn-ún, tí Mùjídàt wà lórí bẹ́ńṣì yẹn ní kékeré, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún yín?"

Ìyá Mùjídàt dìde. Ó kó ike rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì wọkọ̀ lọ sílé.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, fóònù dún. Mùjídàt ti fi gèlè sórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán. Ọmọ mi dà? Ife ẹ̀ dà?"

"Mùjídàt, kò sí mílíìkì lónìí."

"Ó ti tán? Mo ti fi òmíràn rán ìyàwó Sùnmọ́nù, á gbé e dé láìpẹ́."

"Kò tán. Jẹ́ n sọ̀rọ̀, má dá mi dúró, torí tí mo bá dúró mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ bó ṣe ń fi àìsàn náà pa mọ́, ó sọ ti àgbo, ó sọ ti Sátidé àti ti nọ́ọ̀sì, ó sọ ti irun tó rí nínú abọ́. Mùjídàt kò mira. Ìyá rẹ̀ tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni mò ń kó àìsàn bá ọmọ mi láti ibí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo rí i tí mo dákẹ́ ńkọ́? Ìwọ ò rí i."

"Màámi, mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un." Ó ti bú sẹ́kún. "Bí mo bá ń fọ aṣọ ọmọ àwọn mádàámù, tèmi ni mo máa ń rò. Mílíìkì yẹn nìkan ni mo ní. Kí ni mo tún fẹ́ máa fún un?"

Ìyá Mùjídàt kàn gbé Moṣọpẹ́ jókòó síwájú fóònù, nítorí pé kò lè wo ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ́.

Moṣọpẹ́ wo ìyá rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, mo rí àgbò kan."

Mùjídàt nu ojú. "O rí kí ni?"

"Àgbò. Ó ga. Ó jẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá kan! Bàbá náà ń lé e, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Àlíù ṣubú."

"Àlíù ṣubú?"

"Ó ṣubú sínú omi. Mọ́mì, ṣé ẹ mọ orin 'ABC'? Mo mọ̀ ọ́n. Abọ́lá tó wà ní kíláàsì wa kò mọ̀ ọ́n, ó máa ń fo 'M'. Nọ́ọ̀sì fún mi ní oògùn tó ń kan, mi ò sunkún."

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Mùjídàt fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e pé láti ìgbà tó ti ń pe fóònù yìí, òun kò tíì gbọ́ kí ọmọ òun sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Ife ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá mu ún tán, òun á pàtẹ́wọ́, déètà á sì tán.

"Mọ́mì."

"Ọmọ mi."

"Ìgbà wo lẹ máa wá?"

Kò sẹ́ni tó bi Mùjídàt léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kì í béèrè, kó má baà kó o lọ́kàn sókè. Mùjídàt wo ojú ọmọ rẹ̀ nínú fóònù títí.

"Kò tíì yá, Moṣọpẹ́. Ìwé iṣẹ́ tí mo fọwọ́ sí kò tíì parí. Iléyá tó ń bọ̀ á kọjá, lẹ́yìn ẹ̀ ni màá wá."

"Ó jìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó jìn. Sọ ti àgbò yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń bá ọmọ yín tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju èyí lọ. Inú ọmọ kì í ṣe ìfun tí a ń fọ̀. Ara ló ń fọ ara rẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé ní àgbo ìyàgbẹ́ tàbí kánún nítorí kí inú rẹ̀ lè mọ́, pàápàá bó bá ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru tẹ́lẹ̀.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, omi ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà. Ẹ po ORS sínú omi tó mọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì ní kó má jẹun. Ẹ gba síńkì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kó lò ó tán. Ọmọ tó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ má já a lẹ́nu ọmú nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ọmú ìyá dára fún un. Ṣùgbọ́n bí ojú bá jìn wọnú, tí ọmọ ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró kí ọjà tú. Ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mílíìkì kì í ṣe ọ̀tá. Bí ọmọ tó ti kúrò lẹ́nu ọmú bá ń ní inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru ní gbogbo ìgbà tó bá mu ún, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Nǹkan míì tún lè fa ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà ẹ má fúnra yín dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, edé àti ewébẹ̀ ń gbé ọmọ ró. Yógọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní mímọ́ tónítóní máa ń rọrùn fún irú inú bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó mú un kan ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọmọ. Moṣọpẹ́ ń jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ báyìí, aṣọ Iléyá rẹ̀ sì ti tún bá a mu.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má fi àìsàn ọmọ pa mọ́ fún ìyá rẹ̀ nítorí pé ó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà lókèèrè, kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ béèrè bí ti ìṣáájú ṣe ṣe sí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin.